Ẹ̀rọ Ìwọn Ṣúgà Tí Mo Rà ní Yábà: Sítírípù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Oṣù mẹ́jọ ni a ti ń lo ẹ̀rọ kékeré tí mo rà fún màmá mi láti máa fi wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí oṣù mẹ́jọ náà pé kí n tó kọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀rọ tí kì í dára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé ìtajà oògùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábà ni mo ti rà á ní ₦22,000, pẹ̀lú sítírípù 25 (ìyẹn pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ sí), abẹ́rẹ́ ìgúnka 25, bátìrì kan àti àpò dúdú kan tí síìpù rẹ̀ já ní oṣù kejì. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan púpọ̀ nínú irú rẹ̀ tó wà lórí àtẹ l'Ékòó. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Inú sítírípù ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni owó ń gbà jáde lóṣooṣù, ibẹ̀ náà sì ni ooru àti ọ̀rinrin ìlú yìí ti ń bá wa fà á.

Ọ̀dọ́bìnrin apòògùn tó dá wa lóhùn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé tí wọ́n sì tún kọ́ ní ilé ìwé. Ó kúnlẹ̀ kí màmá mi, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú yín," ó ki bátìrì bọ ẹ̀rọ náà, ó sì gún ìka ara rẹ̀ kó tó gún tiwọn. Ẹ̀gbẹ́ ìka ló gún, kì í ṣe orí rẹ̀, ó ní orí ìka ló máa ń dunni jù. Títí di òní, bí màmá mi ṣe ń gún un náà nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló gbàgbé, ohun náà kò sì kéré. Ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n mmol/L, bẹ́ẹ̀ sì ni mg/dL ni ọ̀pọ̀ àwọn tí màmá mi ń bá sọ̀rọ̀ ń lò. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí wọ́n fi pè mí ní ibi iṣẹ́, ohùn wọn lọ sílẹ̀: "Ọmọ mi, ó dà bíi pé ṣúgà ti ń tán lára mi o. Ti Ìyá Káyọ̀dé jẹ́ 140, tèmi kò ju 7 lé díẹ̀ lọ." Wọ́n ti ń gbèrò láti mu ife tíì kan tó dùn dáadáa. 7.2 ni ẹ̀rọ náà kọ. Bí a bá fi 18 sọ 7.2 di púpọ̀, nǹkan bí 130 ni yóò jẹ́ lórí òṣùwọ̀n kejì, èyí tó túmọ̀ sí pé ṣúgà wọn àti ti Ìyá Káyọ̀dé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba, kò sì sí èyí tó nílò tíì dídùn nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ra irú ẹ̀rọ yìí fún òbí rẹ̀, kí ó wo òṣùwọ̀n tó wà lójú rẹ̀ kí ó tó kúrò ní ilé ìtajà. Kí ó sì fi sọ́kàn pé bí ènìyàn kò bá tíì jẹun láàárọ̀, iye tí kò tó 100 lórí mg/dL ni a kà sí dáadáa, àti pé láti 126 lọ sókè, bí ó bá hàn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ni àwọn dókítà ń pè ní àtọ̀gbẹ.

Ní ti sítírípù, ẹ mú ẹyọ kan dání kí ẹ gbé e sún mọ́ ojú. Ihò tín-ín-rín kan wà ní etí rẹ̀, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ní etí kejì, àwọn ìlà dúdú wà tó ń kan inú ẹ̀rọ. Láàárín méjèèjì ni wọ́n ti fi kẹ́míkà kan kùn ún tí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ, ẹ́ńsáìmù sì ni ọba nínú kẹ́míkà náà. Ẹ́ńsáìmù jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń pè ní kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí ìyípadà tí ìbá falẹ̀ gidigidi yára ṣẹlẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán sínú rẹ̀. Iṣẹ́ alárinà ni. Bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mọ ara wọn, alárinà á yẹ̀bá, á sì lọ bá tọkọtaya mìíràn. Ẹ́ńsáìmù inú sítírípù ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn èérún kín-ín-kín tó ń gbé iná, lọ́wọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó ń fà á lé kẹ́míkà mìíràn lọ́wọ́, èyí tó ń gbé e dé orí ìlà dúdú, ẹ̀rọ náà yóò sì wọn iná mànàmáná kín-ín-kín tó ti ibẹ̀ wá. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà ṣe ń pọ̀ tó. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ti parí.

Ọ̀nà jíjìn ni ìmọ̀ yìí gbà dé Yábà. Ní ọdún 1928 ni Detlev Müller, ará Dẹ́ńmáàkì, rí ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní glucose oxidase nínú Aspergillus niger, ohun dúdú kan náà tó máa ń hù lára àlùbọ́sà tó bá ti ń bàjẹ́ nínú àpò. Ní ọdún 1962, Leland Clark àti Champ Lyons ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí wọ́n fi ẹ́ńsáìmù yìí sí orí irin tó ń gbé iná, kí wọ́n lè fi wọn ṣúgà. Ní ọdún 1984, àwọn onímọ̀ láti Oxford àti Cranfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé kẹ́míkà kan tó ní irin nínú, ferrocene, lè máa gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà kiri dípò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, nígbà tó sì di ọdún 1987, ẹ̀rọ tó rí bíi bírò, ExacTech, ti wà lọ́jà. Èyí tó wà lọ́wọ́ màmá mi jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ìwé pẹlẹbẹ inú páálí tiwa kọ ọ́ pé GDH-FAD ni ẹ́ńsáìmù tó wà lórí sítírípù, ìyẹn irú èyí tí kì í bá ọ́síjìn ṣe pọ̀. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ èyí sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà rẹ̀ kò ju èèrà lọ. Irú mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní GDH-PQQ, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín glucose, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti maltose, ṣúgà mìíràn. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn kò ṣe nǹkan. Àmọ́ àwọn aláìsàn kíndìnrín kan wà tó ń gba omi icodextrin sínú ikùn láti fi fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, omi yìí a sì máa di maltose nínú ara, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè kọ iye gíga nígbà tí ṣúgà gidi ti já wálẹ̀. Ní ọdún 2009, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé ènìyàn 13 ni ìròyìn ikú wọn ti dé etí àwọn láti ọdún 1997 lórí irú àṣìṣe yìí. Alárinà tí kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ìbejì rẹ̀ ni GDH-PQQ. Ẹni tó bá ní aláìsàn kíndìnrín nílé, kí ó bi apòògùn léèrè kí ó tó sanwó.

Ẹ̀rọ náà ń sọ òtítọ́ bí? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dán an wò, nígbà tí màmá mi lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní láàbù. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ lápá wọn tán, a óò gún ìka lójú ẹsẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, láàbù ní 124, ẹ̀rọ wa ní 131. Lẹ́ẹ̀kejì, 176 àti 188. Lẹ́ẹ̀kẹta, 99 àti 97. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 15197, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2013, sọ pé nínú àyẹ̀wò 100, ó kéré tán 95 kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yà sí ti láàbù, bí ṣúgà bá tó 100 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé bí kò bá tó 100, ìyàtọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju 15 mg/dL lọ. Tiwa kò tilẹ̀ sún mọ́ ààlà yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta kì í ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n ó tó láti fi ọkàn mi balẹ̀. Ẹ kíyè sí i, síbẹ̀, pé bí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kò bá tó, tí PCV rẹ̀ (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) lọ sílẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí a máa kọ iye tó ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Màmá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bó ọsàn mẹ́ta fún àwọn ọmọ mi, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n sì ní kí n gbé ẹ̀rọ wá. Wọn kò fi ẹyọ ọsàn kan kan ẹnu. Ẹ̀rọ náà kọ 243. Wọ́n wò mí, mo wò wọ́n. "Kí ni mo jẹ?" ni wọ́n ń bi ara wọn. Mo ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ, a sì gún ìka mìíràn lọ́wọ́ kan náà: 117. Omi ọsàn ní glucose tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ogún ti inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí sítírípù ń fà kò sì tó orí abẹ́rẹ́. Bí ìdá kan nínú ogún ẹ̀kán náà bá jẹ́ omi ọsàn, ó ti sọ iye náà di ìlọ́po méjì nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù kò béèrè ibi tí ṣúgà ti wá. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì ti tó, torí kì í kó ṣúgà èso kúrò lára awọ tán. Ọṣẹ àti omi ni. Láti ọjọ́ náà, tí màmá mi bá jẹ máńgòrò tàbí àgbálùmọ̀, wọn kì í fọwọ́ kan àpò ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó dé ibi tí omi wà.

Àṣìṣe kejì jẹ́ tèmi. Ní oṣù keje, nígbà tí òjò kò dá, mo ṣí ìgò sítírípù sílẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná lálẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń se omi, mo sì gbàgbé ìdérí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, sítírípù inú ìgò náà kọ 91. Nítorí pé mo rántí ohun tí mo ṣe, mo já ìgò tuntun, mo sì gún ìka kan náà: 124. Mo tún mú òmíràn nínú ti àná, ẹ̀rọ náà sì kọ pé àṣìṣe wà, kò sọ iye kankan. Ẹ̀rọ tó jẹ́wọ́ pé òun kò lè wọn ún kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. 91 yẹn ló ń dẹ́rù bà mí, torí pé bí mi ò bá ní ìgò kejì, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ yin màmá mi pé wọ́n ń ṣọ́ ẹnu wọn dáadáa. Purotéènì ni ẹ́ńsáìmù, a sì ká a bí aṣọ, bó ṣe ká gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Omi àti ooru a máa tú u, bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná tí kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà kò fẹ́ ọ̀rinrin. Ara páálí tiwa ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a tọ́jú rẹ̀ láàárín 4 °C sí 30 °C, ọ̀sán oṣù kejì àti oṣù kẹta l'Ékòó sì máa ń kọjá 30 °C láìjẹ́ pé a tilẹ̀ fi í sínú mọ́tò.

Àwọn onímọ̀ mọ ìṣòro yìí. Ní ọdún 2007, Yan Xiyun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà tẹ ìwádìí jáde pé èérún irin tó ti dógùn-ún, tó kúnná dé ibi tí ojú kò lè rí i, ń ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ peroxidase ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rù ooru bí purotéènì. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú wọn ni nanozyme, ọ̀pọ̀ láàbù lágbàáyé ló sì ti ń ṣe oríṣiríṣi rẹ̀ láti ìgbà náà. Bí mo ti ń kà á, ojú ilé ìdáná mi ni mo ń rí. Ṣùgbọ́n èérún irin kò dá ṣúgà mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ nǹkan. Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n fi í ṣe, glucose oxidase ọjọ́sí ló ṣì ń kọ́kọ́ mú ṣúgà, kí èérún irin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìdérí ìgò ni oògùn rẹ̀ ní báyìí.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Ìgò sítírípù 50 ni mo ń rà ní ₦16,500, ìyẹn ₦330 fún ẹyọ kan. Bí a bá ń wọn ṣúgà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ₦19,800 ni oṣù kan, kò sì tíì kan oògùn. Lórí rìsíìtì kan náà ni oògùn sitagliptin wà, èyí tí dókítà fi kún metformin tí màmá mi ń lò, ìgbà tí mo wádìí rẹ̀ ni mo sì rí i pé ẹ́ńsáìmù ló bí òun náà. Tẹ́lẹ̀, ródíọ̀mù, irin olówó gọbọi, ni kátálíìsì tí wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú gáàsì háídírójìn tí wọ́n há mọ́ inú àgbá. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Merck àti Codexis tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ti tún ẹ́ńsáìmù kan tí kò lè ṣe iṣẹ́ náà rárá kọ́, tí wọ́n ń yí i padà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń ṣa èyí tó bá dára jù, tí wọ́n sì tún ń yí ìyẹn padà, bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn àgbàdo lọ́dọọdún, títí tó fi lè rọ́pò ródíọ̀mù. Ohun tí ilé iṣẹ́ lè ṣe jáde fi ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, pàǹtí sì fi ìdá 19 dínkù. Ọgbọ́n yìí ni Frances Arnold dá sílẹ̀, òun ló sì fún un ní ìpín nínú ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní ọdún 2018. Mo kí wọn. Ẹ̀dínwó ìdá 53 ni n kò tíì rí lórí rìsíìtì Yábà.

Àbùkù tí mo rí lára ẹ̀rọ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé ojú rẹ̀ kò ní iná. Agogo márùn-ún ìdájí ni màmá mi máa ń wọn ṣúgà kí wọ́n tó gbàdúrà, a kì í sì í ní iná mànàmáná ní àkókò yẹn. Ọwọ́ kan di ìka tí ẹ̀jẹ̀ wà lórí rẹ̀ mú, èkejì mú sítírípù, ta ni yóò wá di tọ́ọ̀ṣì? Ìwé ìlànà rẹ̀ kò ní Yorùbá nínú. Nọ́mbà ojú rẹ̀ tóbi, ó sì ń rántí iye 500, èyí tó dùn mọ́ dókítà nínú gan-an. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún ẹ̀rọ náà ní mẹ́rin; ilé ìtajà náà ní mẹ́rin ààbọ̀ fún ìkíni àti sùúrù.

Ẹ má ra sítírípù lọ́wọ́ ẹni tó pàtẹ rẹ̀ sínú oòrùn, bí ó tilẹ̀ fi ₦4,000 dínwó. Mo ṣe é rí lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, ìgò náà dún bí èyí tí wọ́n ti ṣí rí nígbà tí mo ṣí i, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sì wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Inú garawa ìdọ̀tí ni mo gbé e sí. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí ayédèrú oògùn àti oògùn tí wọ́n kò tọ́jú bó ṣe yẹ, inú sì bí ọ̀pọ̀ oníṣòwò nígbà náà; àmọ́ ẹni tó ti rí 91 níbi tí 124 wà yóò mọ ohun tí wọ́n ń lé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sítírípù yín ṣì dára, omi ìdánwò kan wà tí iye ṣúgà inú rẹ̀ ti hàn, ẹ̀kán kan rẹ̀ lórí sítírípù yóò kọ iye tó wà láàárín méjì tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò. Èyí ló yẹ kó wà nínú gbogbo páálí, kò sì sí nínú tiwa. Ilé ìtajà mẹ́ta ni mo ti béèrè rẹ̀, láti Ojúẹlẹ́gba dé Sùúrùlérè. Níbi kan wọ́n mú oògùn tí a ń kán sójú wá fún mi. Ọ̀dọ́bìnrin ti Yábà ti kọ nọ́mbà mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bó bá ti dé òun á pè mí, kò sì tíì pè.